Ọmọ ké lóru: ta ló yẹ kó dìde, ìyá àbí bàbá?

Bàbá Àkọ́bí: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àkọ́bí wa ti pé oṣù méjì. Òun kì í sùn, àwa náà kì í sùn. Mo gbọ́dọ̀ wà níbi iṣẹ́ láàárọ̀, ìyàwó mi ò sì tíì padà sẹ́nu iṣẹ́ tiẹ̀. Ó ní ká pín òru sí méjì, kí n mú apá kan, kí òun mú ìkejì. Mo sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé èmi náà lọ́mú ni. Kí lẹ rí sí i? Ẹ rọra bá mi wí o, oorun ń kùn mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Bàbá Àgbà: Ọmọ mi, kú oríire. Ọmọ márùn-ún ni mo tọ́, gbogbo wọn ti ń dá jẹun. N ò dìde lóru rí torí ẹkún ọmọ, àfi tí ara ọmọ ò bá yá. Kì í ṣe pé n ò fẹ́ràn wọn. Owó ilé ìwé, owó ilé, owó oògùn, ọrùn mi ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí o bá ń tòògbé níbi iṣẹ́ tí wọ́n sì lé ọ, ta ni yóò bọ́ ìyá, ta ni yóò bọ́ ọmọ?

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́: Ẹ kú àgbà o, bàbá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ta ló wà nílé pẹ̀lú ìyá àwọn márààrún nígbà náà?

Bàbá Àgbà: Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin náà sì wà níbẹ̀. Ilé kún nígbà náà.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́: Ẹ ṣé, bàbá. Ibẹ̀ gan-an ni mò ń lọ. Obìnrin mẹ́ta ló ń pín òru ilé yín, ẹ̀yin ni ẹ kò kàn sí lára wọn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé lónìí, ọkọ, ìyàwó àti ọmọ ló kù. Bí ọkọ bá yọwọ́, ẹnì kan ló kù pẹ̀lú ọmọ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹni yẹn náà ló tún máa wà pẹ̀lú rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọwọ́ kan ò gbé igbá dórí.

Gẹ́lẹ́ńdẹ́: Èmi ò tíì bímọ o. Mo kàn wá jókòó síbi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná ni.

Nọ́ọ̀sì Òru: Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo mọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ tuntun máa ń jẹun tó ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24, torí ikùn rẹ̀ kéré. Kò sí ọgbọ́n tá a lè dá tí kò ní jí lóru. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sì ní ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu títí yóò fi pé oṣù 6. Lóòótọ́, bàbá ò ní ọmú. Àmọ́ ọmú kọ́ ni gbogbo iṣẹ́ òru! Ta ló gbé ọmọ wá fún ìyá? Ta ló pààrọ̀ Pampers? Ta ló gbé e lé èjìká títí tó fi gùnfẹ̀? Ta ló tún tẹ́ ẹ, kó fẹ̀yìn lélẹ̀, torí ẹ̀yìn ló yẹ kí ọmọ ọwọ́ fi sùn, kì í ṣe ikùn? Nínú gbogbo èyí, èwo ni bàbá ò lè ṣe? Tí ìyá bá sì fẹ́ sùn wọra díẹ̀, ó lè fún wàrà ọmú sínú ìgò tó mọ́ kó tó sùn. Níbi tí ooru ò ti pọ̀, ó lè tó wákàtí 4 níta kó má bàjẹ́. Nínú fíríìjì, ó lè tó ọjọ́ 4.

Ọkùnrin Gidi: Ẹ kúkú sọ gbogbo ọkùnrin di obìnrin kẹ́ ẹ sinmi. Ẹlẹ́dàá tó fi ọmú sáyà obìnrin mọ ohun tó ń ṣe.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì: Ara ọkùnrin náà mọ̀ pé ọmọ ti dé, ọ̀gbẹ́ni. Ìwádìí kan jáde ní 2011 láti Philippines, níbi tí wọ́n ti tẹ̀lé àwọn ọ̀dọ́kùnrin fún ọdún mélòó kan. Họ́mónù testosterone, ìyẹn èròjà inú ara tó ń mú kí ọkùnrin rí bí ọkùnrin, wálẹ̀ gan-an lára àwọn tó di bàbá. Ti àwọn tó ń fi wákàtí 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ tọ́jú ọmọ lójúmọ́ ló wá kéré jù.

Ọkùnrin Gidi: Ẹ̀rí mi lo mú wá yẹn! Ọmọ gbígbé ń gba ọkùnrin lọ́wọ́ ọkùnrin.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì: Dúró kó o gbọ́ ìyókù. Nínú ìwádìí kan náà, àwọn tí tiwọn pọ̀ jù níbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n rí i pé ó ṣeé ṣe jù kí wọ́n ti níyàwó kí wọ́n sì ti bímọ nígbà tí wọ́n padà wá wò wọ́n. Àwọn ọkùnrin gidi rẹ náà ni wọ́n ń gbé ọmọ.

Gẹ́lẹ́ńdẹ́: Ẹ gbé omi fún Ọkùnrin Gidi.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta: Bàbá Àkọ́bí, àbúrò mi, fi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ sílẹ̀. Ohun tí àwa ọkùnrin máa ń rò ni pé ìmọ̀ ọmọ títọ́ ti wà lára obìnrin látọ̀run. Irọ́ ni. Ẹni tó bá ń fọwọ́ kan ọmọ lójoojúmọ́ ni ọmọ ń yé. Ẹkún ebi yàtọ̀ sí ẹkún oorun, ẹkún pé ara òun tutù tún yàtọ̀, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ju kéèyàn dìde lóru kó máa gbìyànjú lọ. Ní oṣù àkọ́kọ́, ojú ọmọ kì í ríran jìnnà ju nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 20 sí 30, ìyẹn ibi tí ojú ẹni tó gbé e dání wà. Tó bá wá tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín síni, ẹ̀rín gidi, kì í ṣe ti ojú oorun. Tìrẹ ti wà lórí rẹ̀ báyìí. Ẹ̀rín yẹn lè bá ọ láago mẹ́ta òru, níbi tó o ti ń bínú sí gbogbo ayé, á sì tú ọ ká. Kò sẹ́ni tó máa tọ́jú ẹ̀yí tó o bá pàdánù dè ọ́.

Ohun kan tún wà. Ẹkún máa ń pọ̀ jù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, lẹ́yìn náà á máa dínkù, nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹta sí ìkẹrin, ọ̀pọ̀ ti rọlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Òru: Ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹkún bá pọ̀ tí inú ń ru yín, ẹ tẹ́ ọmọ síbi tí kò ti lè já bọ́, ẹ jáde kúrò nínú yàrá, kẹ́ ẹ mí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọn ọmọ jìgìjìgì láé. Ọpọlọ rẹ̀ lè ṣèṣe, ó tiẹ̀ lè kú. Bí ara ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3 bá gbóná dé 38°C, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Adákẹ́: Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lọ jù. Àwọn bàbá kan wà tí oorun kọ́ ni ìṣòro wọn. Ọmọ dé, gbogbo èèyàn ń yọ̀, inú tiwọn ṣókùnkùn. Wọ́n á máa bínú sí nǹkan kékeré, wọ́n á máa pẹ́ níbi iṣẹ́ torí wọn ò fẹ́ wálé. Wọ́n kó ìwádìí láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè jọ ní 2010, wọ́n sì rí i pé nǹkan bíi bàbá 1 nínú 10 ló ń ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lásìkò tí ìyàwó lóyún tàbí ní ọdún tó tẹ̀lé ìbímọ. Ìyá ni wọ́n máa ń bi pé báwo ni ara. Ta ló ń bi bàbá?

Bàbá Àgbà: Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Nígbà tiwa, a kì í sọ ọ́.

Agbẹjọ́rò Òṣìṣẹ́: Gbogbo yín ń bá ọkọ àtìyàwó jà, ẹ fi ọ̀gá iṣẹ́ sílẹ̀. Bí òfin bá fún bàbá láyè, ọ̀pọ̀ á jókòó ti ọmọ. Sweden ló kọ́kọ́ sọ ìsinmi ìbímọ di ti ìyá àti bàbá ní 1974. Lónìí, ọjọ́ 480 ni wọ́n ń fún àwọn òbí níbẹ̀, 90 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti òbí kọ̀ọ̀kan tí kò lè gbé fún ìkejì. Norway ya ọ̀sẹ̀ 4 sọ́tọ̀ fún bàbá ní 1993: bí kò bá lò ó, ó gbé. Ṣáájú ìgbà yẹn, bàbá tó ń gba irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ ò tó nǹkan. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tí kò gbà á ló wá ṣọ̀wọ́n. Ṣé ọkàn àwọn ọkùnrin Norway ló ṣàdédé yí padà ni?

Bàbá Ọmọge: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé òru ni ìṣòro, ẹ kú ìrọ́jú. Tèmi ti pé ọdún 14. Mò ń sùn dáadáa, ọ̀rọ̀ ló wọ́n mi. "Báwo ni ilé ìwé?" "Dáadáa." Ó parí. Inú mọ́tò nìkan ló ti máa ń bá mi sọ̀rọ̀, bóyá torí n ò lè wo ojú rẹ̀. Mo ní kó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Tiyín ńkọ́, Dádì?" N ò rí èsì.

Bàbá Àkọ́bí: Ẹ ṣeun gan-an. A ti fẹnu kò: ìyàwó mi á sùn láti aago mẹ́sàn-án, èmi á wà pẹ̀lú ọmọ àti ìgò wàrà títí di aago kan, lẹ́yìn náà ó di tiẹ̀. Ìṣòro kan ló kù. Bí mo bá wọ Pampers fún ọmọ, á tú u, á tún un wọ̀. Bí mo bá gbé e, á ní orí rẹ̀ ò dúró dáadáa. Ó ń sú mi.

Ọkùnrin Gidi: Ṣé o rí i!

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́: Níbi tí ẹ ti jàre rèé. Àwa obìnrin kan fẹ́ kí ọkọ ṣiṣẹ́, ká sì tún dúró sẹ́yìn rẹ̀ bí ọ̀gá. Bó bá ti di orí ọmọ mú dáadáa, tí Pampers ò jò, kí ìyàwó rẹ lọ sùn. Lọ sọ fún un tìfẹ́tìfẹ́, má sọ ọ́ lóru o.

Bàbá Àgbà: Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sùn. Ṣùgbọ́n ọmọ mi obìnrin fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ mi. Aṣọ làwa lò láyé ọjọ́un. Pampers yìí, èwo ni iwájú, èwo ni ẹ̀yìn?

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́: Apá tó ní gọ́ọ̀mù ni kẹ́ ẹ tẹ́ sábẹ́ ìdí rẹ̀, bàbá, kẹ́ ẹ wá fà á wá síwájú. Ẹ má fún un jù.