Tọ́ọ̀nù ńlá kọ́ ló ń mú kí ẹ̀rọ ìlagi yára o

Àbúrò mi kan tó ń tagi fáwọn oníbúrẹ́dì ní Sábó níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ pè mí láàárọ̀ àná, ó ní, "Bọ̀dá, owó ẹ̀rọ ìlagi ti pé, tọ́ọ̀nù 30 ni màá rà o, ti tọ́ọ̀nù 20 ò lè yára." Mo ní ta ló sọ fún ẹ? Ó ní ṣebí gbogbo èèyàn ló mọ̀.

Ẹ̀yin gbogbo èèyàn, ẹ gbọ́. Ṣẹ́ ẹ ti rí jáàkì fọkanáísà rí, bí wọ́n ṣe máa ń jan ọwọ́ ẹ̀ títí kí tírélà tó gbéra díẹ̀? Irú ẹ̀ náà ló wà nínú ẹ̀rọ yìí, pọ́ǹpù ń ti ọ́ìlì wọ sìlíńdà, ìyẹn páìpù ńlá tí irin wà nínú ẹ̀, ọ́ìlì ń ti irin, irin ń ti igi mọ́ ẹnu àáké. Tọ́ọ̀nù tí wọ́n kọ sára ẹ̀, bó ṣe lè tì í le tó ni, kò kan eré. Tí wọ́n bá sì fẹ́ kó le sí i, sìlíńdà ni wọ́n sábà máa ń mú fẹ̀, sìlíńdà tó fẹ̀ rèé, ọ́ìlì tó máa mu kó tó kún á pọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Sìlíńdà tí inú ẹ̀ fẹ̀ ní ínṣì 4 pẹ̀lú 3000 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn bí ọ́ìlì ṣe ń tì le tó), bíi tọ́ọ̀nù 19 nìyẹn, ẹ sọ ọ́ di ínṣì 5, ó di bíi 29, ó dùn ún gbọ́ àbí? Àmọ́ tó bá jẹ́ pọ́ǹpù kan náà tó ń tú lítà 40 ní ìṣẹ́jú kan ló ń bọ́ wọn, ti ínṣì 4 á rin ẹsẹ̀ bàtà 2 ní bíi sẹ́kọ́ọ̀ǹdì 7, ti ínṣì 5 á lò tó 11 tàbí 12. Ẹ wá fìyẹn ka igi odidi ọjọ́ kan.

Màlénà àti kajú tútù tó dúró gbọọrọ ò nílò wàhálà yẹn. Àyín gbígbẹ tó ní kókó ni tọ́ọ̀nù ńlá wúlò fún, ẹ̀yin náà lẹ ò tètè là á nígbà tó ṣì tútù. Èyí tí ò lo ọ́ìlì náà wà, kẹ̀kẹ́ irin wúwo ló ń yí tó ń gbá igi, ó yára gan-an, àmọ́ kókó máa ń dá a dúró. Ti oníná ńkọ́? Ẹ̀yin náà ṣá mọ iná wa.

Lítà tí pọ́ǹpù ń tú ni kẹ́ ẹ bèèrè. Àbúrò mi bèèrè lóòótọ́, ẹni tó ń tà á ní òun ò mọ̀, pé ṣé tọ́ọ̀nù 30 ò tó o ni?