Fóònù ló ta ìnṣọ́ránsì fún ẹ̀gbọ́n mi, fóònù ò bá wọn dé àgọ́ ọlọ́pàá

Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta.

Iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kan ló tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ́sẹ̀ yìí, pé àwọn àjẹ́ǹtì wọn ò ní máa wá sọ́jà mọ́. Kí oníbàárà máa ra ohun tó bá fẹ́ lórí áàpù, pé kò ní gba àkókò rárá. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bá àwọn kà á. Bí mo ṣe ń kà á ni gbogbo ohun tójú wa rí lọ́dún tó kọjá ń padà wá sọ́kàn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì ro ó délẹ̀ fún yín rí.

Aṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi ń tà ní Òkè-Àjẹ, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì kan tó ń bá wọn kó ẹrù. Ó ti pẹ́ tí àjẹ́ǹtì kan tí gbogbo ọjà ń pè ní Bọ̀dá Ìnṣọ́ránsì ti ń bá wọn ṣe ìwé bọ́ọ̀sì náà àti ti ṣọ́ọ̀bù. Bí ọdún bá ti fẹ́ yí po, á ti dé tòun ti báàgì rẹ̀, á jókòó sórí àpótí, á béèrè ọmọ, á béèrè bí ọjà ṣe ń tà, kó tó wá mú ìwé jáde. Bí alájọ ló rí: ojú tá a mọ̀, tó mọ ilé wa, tí kò lè sá fún wa. Àwọn kan máa ń yọ́ lọ tí wọ́n bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, nítorí owó ló ń bọ̀ wá gbà. Síbẹ̀ kò dẹ́kun wíwá.

Nígbà tí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá wá ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọkọ̀ tí kò bá ní third party, ìyẹn ìnṣọ́ránsì tó ń san ohun tí ọkọ̀ ẹni bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn, láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025, gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè ní kí ni màmá òun tún ń dúró de ẹnikẹ́ni fún. Ó tẹ fóònù, owó kúrò ní àkáǹtì, ìwé wọlé. A tẹ nọ́ńbà bọ́ọ̀sì náà sí *565*11#, orúkọ iléeṣẹ́ jáde, ojúlówó ni. Ó yá lóòótọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn débi pé wọ́n ń fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ́jà.

Iléyá ń bọ̀ lọ́nà nígbà tí dẹ́rẹ́bà fẹ̀yìn rìn nítòsí Lagos Garage, tó sì kó ìdí bọ́ọ̀sì wọnú ọkọ̀ tíṣà kan tó gbé tirẹ̀ síbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ilẹ̀kùn wó sínú, gíláàsì fọ́. Ọpẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó fara pa. Ẹ̀gbọ́n mi sáré débẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ fún tíṣà, wọ́n ní ẹ̀bi àwọn ni, kó fojú fò ó, àwọn máa tún un ṣe. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn á san gbogbo ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì buwọ́ lù ú. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ta ni nínú wa tó máa ba ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ jẹ́ tí kò ní bẹ̀bẹ̀?

Ó sì wà nínú ìwé ìnṣọ́ránsì pé ẹni tó ni ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀bi, kò sì gbọ́dọ̀ ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni, àfi tí iléeṣẹ́ bá fọwọ́ sí i. Owó iléeṣẹ́ ni wọ́n máa fi san án, àwọn ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà wínníwínní, ní ìsàlẹ̀ fáìlì tí ẹnikẹ́ni ò ṣí rí nínú fóònù ọmọ tí kò tilẹ̀ sí nílé. Áàpù tó gba owó ò sọ ọ́ fún ìyá aláṣọ kankan.

Ìyà wá bẹ̀rẹ̀. Áàpù ní kí wọ́n fi ìwé ọlọ́pàá ránṣẹ́, fọ́tò ọkọ̀ méjèèjì, láísẹ́ǹsì dẹ́rẹ́bà, iye tí mẹkáníìkì bù lé e. A ó fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Nọ́ńbà tí wọ́n ní ká pè, orin ló máa ń kọ sí wa létí títí káàdì á fi tán. Nígbà tí ẹnì kan jàjà fèsì, ohun tó kọ ni pé oníbàárà ti ṣẹ̀ sí àdéhùn pẹ̀lú ìwé tó kọ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá. Ó parí síbẹ̀. Tíṣà ń wá sí ṣọ́ọ̀bù lálaalẹ́, kì í ṣe ènìyàn burúkú, ọkọ̀ tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ ló bà jẹ́. Owó àjọ tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi kó aṣọ Ojúde Ọba ni wọ́n fi tún ọkọ̀ yẹn ṣe. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú mọ ohun tí ọjà àsìkò yẹn jẹ́ fún aláṣọ.

Bọ̀dá Ìnṣọ́ránsì gbọ́, ó wá. Kò sí kọ́bọ̀ kan tó kàn án nínú ìwé yẹn, nítorí fóònù ló tà á. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ìyá, ta ló ní kẹ́ ẹ buwọ́ lùwé? Ẹ ò ṣe pè mí?" Ó jókòó, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà. Ó ṣàlàyé pé bọ́ọ̀sì ló ń fẹ̀yìn rìn, ọkọ̀ tíṣà dúró sójú kan, kì í ṣe ìwé àgọ́ ọlọ́pàá ló dá ẹ̀bi sílẹ̀. Ó bá ẹ̀gbọ́n mi dé ọ́fíìsì wọn ní Èkó. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wàhálà, iléeṣẹ́ san díẹ̀ nínú owó náà. Òun kan náà ló sáré dé nígbà kan tí iná mú ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tó ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má gbá eérú, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ títí ẹni tí iléeṣẹ́ máa rán wá wo òfò á fi dé. Irú ọkùnrin yìí ni wọ́n ní a ò nílò mọ́.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní olè ni àjẹ́ǹtì, pé ayédèrú ni wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀. Àwọn tó ń tà á níbẹ̀ pọ̀, kí ọlọ́pàá kó wọn. Àjẹ́ǹtì tó ní ìwé àṣẹ NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì, kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn, *565*11# sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má fi tìtorí ayédèrú lé ojúlówó lọ.

Ibi tó ń dùn mí jù ni pé ọjọ́ tí ìwé bá tà ni wọ́n ń sanwó fún àjẹ́ǹtì, ìdá kékeré nínú 15,000 náírà tí third party ọkọ̀ aládàáni ti di láti ọdún 2023. Ọjọ́ tí òfò bá dé, ọjọ́ tá a nílò rẹ̀ gan-an, kò sẹ́ni tó ń san nǹkan kan fún un. Fóònù ti wá gba títà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló kù tó máa fi bọ́ ọmọ? Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù lọ́dún 2025 ní kí iléeṣẹ́ tó ń dójú tòfò ọkọ̀ àti ilé ní owó ìdókòwò tó tó bílíọ̀nù 15 náírà. Owó ni gbogbo wọn ń wá kiri báyìí, mo sì fura pé owó àjẹ́ǹtì ni wọ́n kọ́kọ́ rí gé. Ohun tí mo fẹ́ kí NAICOM ṣe ni pé kí wọ́n pàṣẹ fún iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láti ní ẹni tó ń gba owó oṣù fún ọjọ́ òfò nìkan, kó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, kó wà ní Ṣágámù, kó gbọ́ Yorùbá, kó ṣeé bá lójúkojú. Third party ọkọ̀ aládàáni yẹn, tó mílíọ̀nù 3 náírà ni wọ́n ní àwọn lè san fún dúkìá ẹlòmíràn. Kí ẹnì kan wà tó máa tọ́ wa sọ́nà débi owó náà.

Mo sọ èyí fún àbúrò mi kan ní Ṣágámù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ àjẹ́ǹtì. Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ta ló máa san owó oṣù yẹn? Àwọn iléeṣẹ́ á fi lé owó ìwé. Àwọn ènìyàn yín l'Ókè-Àjẹ tó ń kùn sí 15,000, ṣé wọ́n á san 20,000 nítorí èmi?" Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ òun ò tiẹ̀ fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá kan ilẹ̀kùn wọn, wọ́n ní àwọn ń fi òfò tiwọn tó iléeṣẹ́ létí lórí fóònù. Ó wá bi mí bóyá kí òun máa bá iṣẹ́ náà lọ, tàbí kí òun gba iṣẹ́ akọ̀wé tí wọ́n fi lọ òun ní ilé ìwòsàn kan.

Ó ń retí èsì mi kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Mo fẹ́ kó dúró, torí irú ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo máa bá a san owó ilé, mi ò sì tíì rí ẹni tó máa san án fún un nídìí iṣẹ́ yẹn.