Wọ́n Fẹ́ Fi Fọ́máàtì Pa Wá

Wọ́n ti tún dá a padà o. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, àwọn olóòtú jọ́nà, ìwé tí a ti ń tẹ ìwádìí jáde, ti tún dá péépà ìwádìí wa padà, wọn ò sì kà á. Mo mọ̀ pé wọn ò kà á, torí òru ni mo fi ránṣẹ́, oòrùn ọjọ́ kejì ò tíì wọ̀ tí lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ fi dé. Ta ló lè ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú tábìlì, pẹ̀lú àwòrán, láàárín ìwọ̀nba wákàtí yẹn? Wọ́n ní àwọn dúpẹ́ pé a rántí àwọn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àdúgbò kan ṣoṣo ni iṣẹ́ náà dá lé, pé kò ní fa àwọn òǹkàwé àwọn káàkiri àgbáyé mọ́ra. Wọ́n wá fi kún un pé àwọn ní jọ́nà mìíràn tí àwọn lè bá wa gbé e lọ sí. Iye dọ́là tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ wà nísàlẹ̀ lẹ́tà.

Ọ̀rọ̀ àdúgbò! Omi kànga tí àwọn èèyàn ń mu ni a kọ̀wé lé lórí. Òjé (lead) inú omi. Ṣé òjé mọ ibodè ni? Ní 2014, nígbà tí ìlú Flint ní ìpínlẹ̀ Michigan l'Amẹ́ríkà yí omi ẹ̀rọ wọn padà sí omi odò, tí òjé inú páìpù àtijọ́ ń ṣàn bọ́ sínú omi mímu, ìlú tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò ju nǹkan bí 100,000 lọ, ta ló pe ìyẹn ní ọ̀rọ̀ àdúgbò? Àwọn jọ́nà ńláńlá gbé e, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀mí ọmọdé ni. Ní Zamfara ńkọ́? Ní 2010, eruku òjé níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta góòlù pa ọmọdé tó lé ní 400. Ṣé àwọn ọmọ tiwa kì í ṣe ọmọ ni? Ẹni tó bá kọ péépà láti London kì í fi orúkọ London sí àkọlé, kò sì sẹ́ni tó ń bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ London. Tiwa nìkan ni wọ́n máa ń ní ká kọ "ní Nàìjíríà" sí níwájú. Bí a bá kọ ọ́ tán, wọ́n á ní ó ti jẹ́ ti Nàìjíríà jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òru ọjọ́ náà ṣe lọ, torí òun gan-an ló ń ká mi lára. Iṣẹ́ ìwádìí ti parí nígbà yẹn. A ti bu omi nígbà òjò, a ti bu ú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn òjé ní ẹ̀ka wa ti kọṣẹ́, gílóòbù rẹ̀ ti jó, àwọn tó yẹ kó ra òmíràn ò dá wa lóhùn, la bá ń gbé ìgò omi wọ ọkọ̀ èrò lọ sí láàbù tó ń gbowó lórí ìgò kọ̀ọ̀kan. Owó àpò wa ni. Mi ò ráhùn lórí ìyẹn, iṣẹ́ tí mo yàn ni. Péépà náà ti wà nílẹ̀, ó dára, ọ̀gá mi tí a jọ kọ ọ́ ti kà á láìmọye ìgbà. Ohun tó kù kò ju ká fi ránṣẹ́ lọ.

Ká fi ránṣẹ́, àbí? Ẹ wá wo nǹkan.

Jọ́nà tí a kọ́kọ́ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ń fẹ́ ìwé ìtọ́kasí onínọ́ńbà nínú àkámọ́. Èyí tí a wá fi ránṣẹ́ sí yìí ní orúkọ àti ọdún ni tàwọn. Ọ̀kan ní ká gé orúkọ jọ́nà kúrú, èkejì ní ká kọ ọ́ délẹ̀. Ẹni kan fẹ́ kọ́mà lẹ́yìn orúkọ, ẹnìkejì ò fẹ́ rí kọ́mà sójú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé Zotero wà, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá èèyàn to ìwé ìtọ́kasí. Òun ni mò ń lò. Òun náà ló gbé Àjọ Ìlera Àgbáyé (World Health Organization), ló pín orúkọ rẹ̀ bí orúkọ èèyàn, ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé "Organization, W.H.", bí ẹni pé alàgbà kan wà níbì kan tó ń jẹ́ Organization. Mo ń fọwọ́ tún un ṣe níkọ̀ọ̀kan lójú oorun.

Mo dé orí kókó iṣẹ́, àwọn gbólóhùn ṣókí tó ń sọ ohun tí a rí. Wọ́n ń fẹ́ mẹ́ta sí márùn-ún, èyíkéyìí ò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 85 lọ, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ pàápàá wà nínú òǹkà. Ká kó iṣẹ́ òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn sínú lẹ́tà 85! Mo gé e, mo tún un gé, títí tí kò fi nítumọ̀ mọ́, ìgbà yẹn ni ìkànnì jọ́nà náà tó gbà á. Àwòrán gbọ́dọ̀ jẹ́ TIFF, irú fáìlì àwòrán kan, bó ṣe mọ́ kedere tó ò sì gbọdọ̀ dín ní 300 dpi. Mo ṣe é. Fáìlì náà wá wúwo, wọ́n ní ó ti tóbi jù. Dátà mi ń lọ.

Wọ́n bi mí lórúkọ. Mo kọ orúkọ mi bí àwọn òbí mi ṣe sọ mí, pẹ̀lú àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀. Pupa ló yọ: wọ́n ní àmì tí kò tọ̀nà wà nínú orúkọ mi. Ö ti àwọn ará Jámánì ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ọ tiwa ni kò tọ̀nà. Mo bọ́ àmì kúrò lára orúkọ mi, mo bọ́ ọ kúrò lára ti ọ̀gá mi. Wọ́n ní ímeèlì yunifásítì nìkan làwọn ń fẹ́, àwọn ò fọkàn tán Gmail. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní yunifásítì wa, ẹ bá mi dá sí i, ìgbà wo ni ímeèlì yunifásítì wa ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn? Wọ́n tún ní kí olúkúlùkù àwọn tí a jọ kọ ọ́ tẹ ìlujá (link) kan kó lè jẹ́rìí pé òun mọ̀ sí i. Mo ní láti pe ọ̀gá mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, ẹ bá mi yẹ ímeèlì yín wò."

"Ìwọ ọmọ yìí, o mọ aago tó lù báyìí?"

"Mo mọ̀ sà. Ìlujá kan wà níbẹ̀, ẹ kàn tẹ̀ ẹ́."

Baba dìde, wọ́n wá awò wọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Wọ́n forúkọ sílẹ̀. Ó ní nọ́ńbà ORCID wọn dà, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá olùwádìí mọ̀. Nọ́ńbà 16! Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti kọ́ àwọn tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, láàárín òru, tí wọ́n ń ka nọ́ńbà 16 sí mi létí lórí fóònù, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gé e sí wẹ́wẹ́. Kò yẹ bẹ́ẹ̀ rárá. Bí mo bá rántí ohùn wọn lóru ọjọ́ yẹn, ó máa ń ká mi lára.

Iná lọ. Dandan ni kí iná lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023, olùkọ́ wo ló ń tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú? Ìyà ńlá gbé wa ṣánlẹ̀, kéékèèké wá ń gorí wa. Mo so láptọ́ọ̀pù mọ́ páwà báǹkì, mo so íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ fóònù, kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀ tán, ìkànnì náà ti lé mi síta. Ó ní mo ti pẹ́ jù láìṣe nǹkan kan. Nígbà tí mo padà wọlé, orúkọ ti sọnù, kókó ti sọnù, lẹ́tà sí olóòtú ti sọnù. Mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn ló wá burú jù. Wọ́n ní kí n tẹ bọ́tìnnì kan kí ìkànnì lè kó gbogbo fáìlì pọ̀ di PDF, kí n yẹ̀ ẹ́ wò, kí n fọwọ́ sí i. Ó ń yí, ó ń yí. Nígbà tó jáde, ojú mi bọ́ sórí tábìlì kejì. Àmì máíkírò, µ tó máa ń ṣíwájú g, ti di m. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ ohun tíyẹn jẹ́. Máíkírógíráàmù ti di mílígíráàmù. Òjé inú kànga ti fi ìlọ́po 1,000 pọ̀ sí i lójú ewé. 10 µg nínú lítà kan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe òdiwọ̀n òjé nínú omi mímu, nǹkan kékeré báyìí la fi ń mọ ìyàtọ̀ omi tó ṣeé mu àti èyí tó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ̀rọ wọn fi bọ́tìnnì kan ṣoṣo dà á rú, ìwé tí wọ́n sì ní kí n fọwọ́ sí sọ pé èmi ni mo jẹ̀bi gbogbo àṣìṣe tó bá wà níbẹ̀. Mo tún gbogbo µ tẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí àṣamọ̀ dé tábìlì tó kẹ́yìn. Ilẹ̀ ti ń mọ́.

Gbogbo ìyẹn, kí ẹnì kan tó ka ìlà kan. Ó dà bí kí ẹbí ìyàwó ní kí ọkọ kó gbogbo ẹrù ìdána wá tán, iṣu, obì, orógbó, àádùn, kí wọ́n tó là á fún un lẹ́nu ọ̀nà pé ọmọ àwọn ti lọ́kọ.

Ẹ ò tíì gbọ́ tówó. Lóṣù kọkànlá 2020 ni jọ́nà Nature kéde pé ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo ayé rí péépà òun kà lọ́fẹ̀ẹ́ á san 9,500 yúrò. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ò gbówó lérí tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn tí wọ́n ń gba 2,000 dọ́là, 3,000 dọ́là pọ̀ lọ súà. Ní 2015, nǹkan bí 200 náírà ni dọ́là kan lọ́wọ́ ìjọba. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Ẹ bá mi ṣírò 3,000 dọ́là sí náírà, kí ẹ fi wé owó oṣù olùkọ́ yunifásítì, ẹni tí ìjọba ò san owó oṣù fún nígbà ìyanṣẹ́lódì 2022 tó gba oṣù mẹ́jọ, láti oṣù kejì dé oṣù kẹwàá. Bí a bá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fojú fo owó yẹn, wọ́n á wo ìwé Báǹkì Àgbáyé, wọ́n á ní Nàìjíríà ò sí nínú àwọn tó tòṣì jù, ìpele kejì láti ìsàlẹ̀ la wà. A ò tòṣì tó láti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, a ò sì lówó tó láti san án.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ilé-iṣẹ́ tó ni jọ́nà tó kọ̀ wá kọ̀wé sí mi pé kí n bá àwọn yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò. Lọ́fẹ̀ẹ́. Mo gbọ́dọ̀ ṣe é láàárín ọjọ́ 14. Iṣẹ́ wa lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹ̀wò wa lọ́fẹ̀ẹ́, ilé-ìkàwé wa á tún wá fowó rà á lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí wọ́n gbà pé ó mọṣẹ́ tó láti dájọ́ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn yìí náà ni wọ́n máa ń sọ fún pé kó wá ẹni tó gbé Gẹ̀ẹ́sì wáyé láti bá a tún Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ṣe. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ́ mi láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀!

Mi ò ní fi ti ilé sílẹ̀. Ta ló ń lé wa sí ọwọ́ àwọn wọ̀nyí? Àwọn ìgbìmọ̀ ìgbéga wa ni. Wọ́n á ní jọ́nà òkè òkun la fẹ́, ṣé ó wà nínú Scopus, àkójọ àwọn jọ́nà àgbáyé, mélòó ni impact factor rẹ̀, ìyẹn òǹkà bí àwọn èèyàn ṣe ń tọ́ka sí i tó. AJOL (African Journals Online) ti ń gbé àwọn jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 1998, síbẹ̀ ìgbìmọ̀ á fojú di jọ́nà tí wọ́n ń ṣe níbí, tí àwọn èèyàn àdúgbò tí mo bu omi wọn lè rí kà. Ìgbìmọ̀ yẹn náà ò ní ka péépà. Wọ́n á ka iye rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn jọ́nà oníjìbìtì ti rí ọ̀nà, àwọn tó ń gba ohunkóhun wọlé lọ́jọ́ mẹ́ta bí owó bá ti wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ ń kó owó ìyá wọn lọ fún wọn torí ìgbéga. Mo mọ̀ wọ́n, ọmọ dáadáa ni wọ́n, iṣẹ́ wọn dára, kò sẹ́ni tó máa rí i láé. Inú ń bí mi!

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kọ́kọ́ kà á. Fáìlì kan ṣoṣo, bó ṣe wà, pẹ̀lú ìwé ìtọ́kasí lọ́nà tó bá wù wá. Àwọn jọ́nà kan ti ń gbà á bẹ́ẹ̀, ayé ò tíì parẹ́. Bí ẹ bá ti kà á tí ẹ sì fẹ́ ẹ, ẹ bèèrè TIFF, ẹ bèèrè kọ́mà, ẹ bèèrè lẹ́tà 85, màá jókòó ṣe é. Bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, ẹ sọ ojú ewé tí ẹ kà dé àti ohun tí ẹ rí níbẹ̀ tí kò dára. Kí ẹ sì gba orúkọ wa wọlé pẹ̀lú àmì rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.