Kí ldap_bind ní "bẹ́ẹ̀ ni" kò tíì tó láti ṣílẹ̀kùn

Ẹ̀yin tí a jọ ń kọ kóòdù ní Òṣogbo yìí, láti Ògo-Olúwa dé Òkè-Báálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi létí díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ldap_bind ni mo fẹ́ sọ, function PHP tí app fi ń bi server bóyá orúkọ àti password èèyàn bára mu. Lójú tèmi, kò sí function tí a ń fojú kéré tó o nínú gbogbo ohun tí a fi ń kọ ojú ìwé ìwọlé. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ló ń pinnu ẹni tí yóò rí àkọsílẹ̀ owó oṣù, èsì ìdánwò àti fáìlì àwọn aláìsàn. Tí kóòdù wa kò bá kọ́kọ́ yẹ ohun tí èèyàn tẹ̀ wò kó tó pè é, a ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹni tí a kò mọ̀ rí nìyẹn.

Fún ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ kó yé e. Ilé iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ tí èèyàn ibẹ̀ bá pọ̀ kì í tọ́jú orúkọ àti password wọn sínú app kọ̀ọ̀kan. Ojú kan ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ sí, lórí directory server. LDAP ni èdè tí àwọn app fi ń bá server yìí sọ̀rọ̀. Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ Tim Howes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ tó ṣàlàyé ìlànà rẹ̀ jáde ní 1993, ẹ̀dà kẹta tí a ṣì ń lò dòní jáde ní 1997. Bind ni app fi ń sọ fún server pé, "Ẹni báyìí ni mí, password mi nìyí." Tí gbogbo rẹ̀ bá bára mu, server á dá 0 padà. Tí kò bá bára mu, á dá 49 padà. Ohun tí a kọ́ pa pọ̀ nìyẹn, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ wa sì dúró sí.

Ohun tí wọn kì í sábà kọ́ni ni pé ìlànà LDAP gbà kí èèyàn mú orúkọ wá láìmú password dání. Wọn kò ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó ń purọ́. Server lè gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí àlejò tí wọn kò mọ̀, kó sì dá 0 padà fún un, 0 kan náà tí ẹni tó tẹ password tó tọ̀nà ń gbà. Server kò ṣẹ̀. Ó mọ̀ pé àlejò ni, kò sì ní fún un ní ju ohun tí àlejò lẹ́tọ̀ọ́ sí. Àwa tí a kọ app ni a rí 0 tí a sì pariwo pé ọ̀gá ti dé. Ó dà bí ìgbà tí màìgádì ní kí àlejò wọlé wá jókòó nínú ọgbà, tí ọmọ ilé wá gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá bàbá lé e lọ́wọ́ torí pé ó rí i nínú ọgbà.

Mo fojú ara mi rí i ní Òkè-Fìà. Àbúrò kan tó ní ọwọ́ iṣẹ́ dáadáa ń kọ portal fún ilé ìwé aládàáni kan, ó sì pè mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá bá mi wo nǹkan tí mo ṣe." Ó dùn ún wò lóòótọ́. Mo ní kó tẹ orúkọ ọ̀gá ilé ìwé, kó má tẹ nǹkan kan sí àyè password, kó sì tẹ bọ́tìnì ìwọlé. Browser kọ̀, ó ní ó gbọ́dọ̀ kọ nǹkan síbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Mo ní kó ṣí ẹ̀yìn ojú ìwé náà, kó yọ "required" kúrò lára àyè password, kó tún un tẹ̀. Ojú ìwé ọ̀gá ṣí gbayawu: orúkọ àwọn olùkọ́, owó oṣù wọn, gbogbo ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò kọ ọ́ báyìí o!"

Bẹ́ẹ̀ ni, kò kọ ọ́ báyẹn. Ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: if (ldap_bind($conn, $dn, $pass)). Ibi tí ó ti kọ́ PHP ni wọ́n ti fún un ní ìlà yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì wà nínú àpẹẹrẹ tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ náà ń gbìyànjú. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún un ni kò pé.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀rọ̀ tuntun ni. RFC 4513, ìwé ìlànà LDAP tó jáde ní 2006, ti sọ ọ́ kedere pé kí app má ṣe gba password òfìfo lọ́wọ́ èèyàn, pé kí server náà sì kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ àyàfi tí alábòójútó bá dìídì gbà á láyè. Nínú àwọn directory server tí a ń lò, OpenLDAP ń kọ̀ ọ́ láti ilẹ̀. Active Directory ti Windows ní tirẹ̀ máa ń gbà á. Windows Server 2019 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ibi tí alábòójútó ti lè tì í pa sí. Mélòó nínú àwọn tó ń tọ́jú server ní ìlú yìí ló ti débẹ̀ rí? Nítorí náà, inú kóòdù tiwa ni kí a ti dí i, kí a má fi sílẹ̀ fún server.

Àyẹ̀wò $pass === '' nìkan kò sì tó. Ní 2014, wọ́n rí àléébù kan nínú Zend Framework, ohun èlò tí a fi ń kọ app PHP, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ CVE-2014-8088: nígbà náà, bí èèyàn bá fi null byte (àmì òfo tí ojú kò lè rí) bẹ̀rẹ̀ password, PHP á rí i pé nǹkan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá dé ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ ohun tí wọ́n fi èdè C kọ, òfìfo ni yóò kà á sí. Ẹ kọ òfìfo, ẹ kọ null byte, lórí server tiyín, kì í ṣe lórí browser. Ìlà méjì péré ni.

Èkejì tó ń ká mi lára ni bí password ṣe ń rìn lọ. Simple bind, ìyẹn bind olórúkọ àti password tí a ń sọ bọ̀ yìí, kì í bò ó rárá. Lórí port 389 tí LDAP sábà ń gbà, bí èèyàn ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an ló ṣe ń kọjá lórí wáyà, ẹni tó bá sì wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà tó ní Wireshark, app tí a fi ń wo ohun tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lè kà á bí ẹni ń ka ìwé. Ẹ fi LDAP_OPT_PROTOCOL_VERSION sí 3, ẹ pe ldap_start_tls tó ń bo ohun tó ń kọjá, kí ẹ tó pe ldap_bind. Tí ìyẹn bá dá wàhálà certificate (ìwé ẹ̀rí tí server fi ń fi ara rẹ̀ hàn) sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré lọ fi LDAP_OPT_X_TLS_REQUIRE_CERT sí "never" o. Mo mọ̀ pé gbogbo èèyàn ló ń ṣe é kí iṣẹ́ lè parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá ṣe é ti gbà kí server ayédèrú kankan gba password àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹ gba certificate CA, ti ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí server, lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú server, kí ẹ júwe ibi tó wà fún kóòdù yín.

Ohun kan tún wà tó ń fìyà jẹ àwọn èèyàn wa lójoojúmọ́. Nínú PHP, ldap_connect kì í kan server lára rárá. Ó kàn ń palẹ̀ mọ́ ni. Ìgbà tí a bá pe ldap_start_tls tàbí ldap_bind ni ìsopọ̀ tó ń ṣẹlẹ̀. Torí náà, false tí ldap_bind dá padà lè jẹ́ pé password kò tọ̀nà, ó sì lè jẹ́ pé server ti kú. Iná á lọ, inverter á rọ, server á kú, portal á sì máa sọ fún ìyá ọlọ́mọ tó fẹ́ wo ìwé owó oṣù rẹ̀ pé "password yín kò tọ̀nà." Ìyá á wá lọ tò síwájú ọ́fíìsì ICT láti yí password tí kò ní àléébù kankan padà. Ẹ bi ldap_errno: tó bá jẹ́ 49, password tàbí orúkọ ni, tó bá jẹ́ -1, kò rí server bá sọ̀rọ̀. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn.

Ti orúkọ náà kò gùn. Ẹni tó bá ń fi username wá DN (orúkọ kíkún èèyàn nínú directory) kó tó pe bind, kó fi ldap_escape fọ username náà ná, torí ẹnì kan lè tẹ ìràwọ̀ (*) síbẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí "ẹnikẹ́ni". Tí èèyàn tó jáde bá ju ẹyọ kan lọ, kó kọ̀. Kó má sì lo àkáǹtì alábòójútó àgbà fún wíwá orúkọ lásán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa níṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí ìwọlé pẹ̀lú password òfìfo wà lára ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò dán wò níwájú yín kó tó gba máàkì.

Ẹni tó bá ní portal tirẹ̀ tó ń lo LDAP, kó dán an wò lónìí, tirẹ̀ nìkan o, kì í ṣe ti ẹlòmíì. Tó bá ṣí, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, ẹ má kọ orúkọ ibi iṣẹ́ yín síta níbí. PHP ni o, Python ni o, a ó jọ tún un ṣe.