Èmi ló ṣe ìṣirò, òun ló di máníjà: ṣé ẹnu ni mi ò ní ni, àbí èèyàn?

Àdùnní Oníṣirò: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún kẹfà mi rèé ní ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó, akáńtáǹtì ni mí. Gbogbo ìparí oṣù, èmi ni mo máa ń jókòó ti ìwé báńkì àti ìwé owó wa títí wọn á fi bára mu, nígbà míì ó máa ń di aago 9 alẹ́. Arákùnrin kan dé lọ́dún 2 sẹ́yìn, èmi gan-an ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Òun ló wá ń gbé iṣẹ́ mi lọ síwájú àwọn ọ̀gá, torí èmi ò lè sọ̀rọ̀ níbi tí èrò bá wà, àyà mi á kàn máa já. Ìnáwó kankan ò sì ń ṣẹ́yìn ẹ̀. Nígbà tí wọ́n sìnkú ìyá ọ̀gá àgbà, ó ra aṣọ ẹbí, ₦38,000. Èmi ò rà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fi í ṣe máníjà. Mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní iṣẹ́ mi dáa, àmọ́ àwọn ọ̀gá ò mọ̀ mí. Mítìn ńlá míì ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ṣé kí n ní èmi fúnra mi ni màá gbé ìṣirò mi kalẹ̀ ni, àbí kí n máa wá iṣẹ́ míì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ṣọlá Peckham: Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Nẹ́tíwọ̀kì lẹ ò ní yẹn. Mi ò fi bú yín, èmi náà ò ní in nígbà kan.

Ọmọ Ìta Ṣómólú: Nẹ́tíwọ̀kì ń da èmi náà láàmú níbí. Láti àná ni mo ti ra dátà, kò lọ, kò bọ̀. Ṣé gbogbo àdúgbò ni àbí tèmi nìkan?

Ṣọlá Peckham: Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ti fóònù. Kéèyàn mọ èèyàn ni mò ń sọ.

Ọmọ Ìta Ṣómólú: Háà. Ẹ má bínú, àkọlé nìkan ni mo kà. Ẹ máa bá a lọ.

Iṣẹ́ Lòògùn: IṢẸ́ ỌWỌ́ YÍN NI YÓÒ SỌ̀RỌ̀ FÚN YÍN. Ẹni tó bá mọṣẹ́ ò ní kó máa rábàbà lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ̀yin akáńtáǹtì ò mọ Akíntọ́lá Williams ni? Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí chartered accountant, lọ́dún 1949. Ìwé ló kà, kò ra aṣọ ẹbí ẹnì kankan.

Ìyá Aláṣọ Gbági: Ẹ dúró ná. ₦38,000 yẹn, léèsì ni àbí àǹkárá? Gèlè wà nínú ẹ̀?

Akọ̀wé Òkè-Àdó: @Iṣẹ́ Lòògùn, ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn bàbá náà délẹ̀. Ó kàwé, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó wà lára àwọn tó dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní 1945, ẹgbẹ́ tí Awólọ́wọ̀ ṣe akọ̀wé rẹ̀. Ó padà wálé, ó ṣiṣẹ́ owó orí díẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ó sì dá ilé iṣẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀ l'Ékòó ní 1952. Ọwọ́ àwọn òyìnbó ni iṣẹ́ yíyẹ ìwé owó àwọn kọ́ńpìnnì ńlá wà nígbà yẹn. Ta ló wá gbéṣẹ́ fún un? Ìwé ìròyìn Ásíkíwè, ilé iṣẹ́ ìbánigbófò Mbadiwe, ọkọ̀ akẹ́rù Ojúkwu, Fawẹ̀hìnmí tó ń ṣe àga. Àwọn oníṣòwò aláwọ̀ dúdú bíi tiẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé e dúró. Ká ní inú yàrá ló jókòó sí, tó ń retí kí ìwé ẹ̀rí máa bá a polówó, ṣé à bá mọ orúkọ ẹ̀?

Iṣẹ́ Lòògùn: KÁ NÍ KÒ MỌṢẸ́, ṢÉ ÁSÍKÍWÈ Á GBÉ ÌWÉ OWÓ Ẹ̀ FÚN UN? IṢẸ́ NI!

Bàbá Ṣùúrù: Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yìí ni ti aṣọ ẹbí. Mo fi ọdún 31 ṣiṣẹ́ ìjọba, mi ò ra aṣọ ẹbí ọ̀gá kankan rí. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Wọ́n kàn rán an mọ́ léèsì ni.

Ìyá Aláṣọ Gbági: Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Aṣọ wo ló ń jẹ́ àbẹ̀tẹ́lẹ̀? Òkú kú, wọ́n ní kí ẹ wá bá àwọn ṣẹ̀yẹ, ẹ̀yin ń wá àbẹ̀tẹ́lẹ̀ nínú ẹ̀.

Bàbá Ṣùúrù: Tí mo bá lè kọ̀ ọ́ láìsí ìyà, ẹ̀yẹ ni. Tí mo bá kọ̀ ọ́ tí ipò mi bá bá a lọ, kí lẹ fẹ́ kí n pè é? Ọmọ yìí kọ̀ ọ́, ẹ wo ibi tó wà.

Kúnlé Télọ̀: Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò o.

Ọmọ Ìta Ṣómólú: Obì ti wọ́n báyìí. Kò sẹ́ni tó ń yọ ọ́ fúnni mọ́, ọ̀rọ̀ yòówù kéèyàn sọ.

Ṣọlá Peckham: Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ibí fún un, ó lè wúlò. Nígbà tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo já nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, iṣẹ́ kan náà tí mo ti ṣe nílé fún ọdún 5. Ẹ̀kẹta ni obìnrin kan tó wà lórí tábìlì yẹn ṣàánú mi, ó sọ ìdí ẹ̀ fún mi. Wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo ṣe, èmi ń sọ pé "a ṣe èyí, a ṣe tọ̀hún". Máàkì ni wọ́n ń fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ibi tí wọ́n máa kọ máàkì "a" sí. Wọ́n tọ́ mi nílé pé èèyàn kì í yin ara ẹ̀, pé tí wọ́n bá yìn mí, kí n ní Ọlọ́run ló ṣe é, kí n ní àwa la jọ ṣe é. Mo ní láti jókòó síwájú dígí kí n máa sọ ọ́: èmi ni mo ṣe é, èmi ni mo rí àṣìṣe yẹn. Ojú ń tì mí bíi pé mò ń jalè. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, wọ́n gbà mí.

Ayọ̀délé 77k: Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá, ṣé wọ́n ṣì ń gbà èèyàn níbẹ̀? Àgùnbánirọ̀ ni mí, mo fẹ́ẹ̀ parí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn ní ìkọ̀kọ̀.

Iṣẹ́ Lòògùn: Ṣọlá, ẹ̀yin náà sọ ọ́, iṣẹ́ ọdún 5. IṢẸ́!

Ṣọlá Peckham: Iṣẹ́ ọdún 5 yẹn náà ni mo gbé lọ tí mo fi já lẹ́ẹ̀mẹta o.

Ìyá Aláṣọ Gbági: @Bàbá Ṣùúrù, mo ṣì wà lọ́dọ̀ yín. Ta ló fi tipátipá mú un pé kó rà? Ó lè wọ aṣọ tó ní nílé, kó di ₦5,000 sínú àpòòwé, kó lọ kí wọn. Kó bá ìyàwó ọ̀gá gbé abọ́ oúnjẹ. Kí wọ́n rí ojú ẹ̀. Gbági níbí, ẹni tó mọ ojúlówó léèsì pọ̀ bí ilẹ̀, àmọ́ ọ̀dọ̀ ẹni tó bi ọ́ pé "ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti wọ yunifásítì?" lo máa padà sí. Ẹ̀yin ẹ jókòó sí ọ́fíìsì fún ọdún 31 lẹ ò bá wọn dé ibi ẹ̀yẹ kan. Ipò wo lẹ dé?

Bàbá Ṣùúrù: Ṣé èmi lò ń bi léèrè bẹ́ẹ̀? Ó ṣeé ṣe kí n bí ẹ lọ́mọ.

Ìyá Aláṣọ Gbági: Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, bàbá. Ipò wo?

Ọmọ Ìta Ṣómólú: Dátà mi ti dé, ẹ ṣé Olúwa. Ẹ jẹ́ kí bàbá dáhùn.

Ayọ̀délé 77k: Mo jókòó.

Akọ̀wé Òkè-Àdó: Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ sọ́wọ́ ìjà. Onímọ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà, Mark Granovetter. Ní 1973 ló ṣàlàyé pé lára àwọn tó tipasẹ̀ èèyàn ríṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ni kò rí i lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n kàn mọ̀ fìrí, tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ni ìròyìn iṣẹ́ ti wá. Ìdí ẹ̀ ò sì ṣòro: ohun tí ìwọ gbọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ gbọ́, ibi kan náà lẹ jọ ń jókòó. Ẹni tó wà lókèèrè díẹ̀ ló ń gbọ́ ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ò gbọ́. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀gá nìkan ni kí àǹtí máa wá ojú ẹ̀.

Kò Sí Wàhálà: Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé ti tún kówèé dé. Ẹ gbọ́, ta ló ń bá yín dá gbèsè dátà tẹ́ ẹ fi ń kọ tó báyìí?

Kúnlé Télọ̀: Òótọ́ ló sọ o. Oníbàárà mi tó tóbi jù, inú dánfó la ti pàdé, láti Ọ̀jọ́ta sí Ìkòròdú. Ọkọ̀ dúró sójú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, a jọ ń bú kọ̀ńdọ́. Ó wo ọrùn ẹ̀wù mi, ó ní ta ló rán an. Mo ní èmi ni. Yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé ẹ̀, tọmọdé tàgbà, èmi ni mò ń rán an láti ọdún 4. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń mu bíà ńkọ́? Gbèsè ni wọ́n ń bá mi dá.

Iṣẹ́ Lòògùn: Ọrùn ẹ̀wù ló rí, àbí kò rí i? IṢẸ́ NI Ó RÍ!!

Kúnlé Télọ̀: Ká ní mi ò lanu ńkọ́? Ó máa rò pé Balógun ni mo ti rà á ni.

Bàbá Ṣùúrù: Lẹ́fẹ́ẹ̀lì 12.

Ọmọ Ìta Ṣómólú: Ha.

Bàbá Ṣùúrù: Ẹ ti ní kí n dáhùn, mo ti dáhùn. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì 12 ni mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ mẹ́mò, tó máa ń kọ "their" níbi tó yẹ kó kọ "there", òun ló di akọ̀wé àgbà. Gbogbo ìkómọ ọ̀gá ló ń lọ.

Ìyá Aláṣọ Gbági: Bàbá, ẹ wá rí i bí?

Bàbá Ṣùúrù: Mo rí i. Mo sì ń sùn dáadáa lálaalẹ́. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni mo pè é, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ náà ló ń jẹ́.

Ìyá Aláṣọ Gbági: Ẹ̀yẹ ni, bàbá.

Bàbá Ṣùúrù: Àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Kò Sí Wàhálà: Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pààrọ̀ nọ́ńbà.

Ṣọlá Peckham: Àǹtí Àdùnní, ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ lọ bá máníjà tuntun yẹn lọ́la, kí ẹ ní kó fún yín ní ìṣẹ́jú 5 péré ní mítìn Ọjọ́bọ̀ yẹn, kí ẹ fi ṣàlàyé ibi tí owó báńkì àti owó ìwé ò ti bára mu tẹ́lẹ̀, àti bí ẹ ṣe rí i. Ẹ má kà á nínú ìwé. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún àbúrò yín tí kò mọ̀ nípa ìṣirò. Níbi tó bá ti ní "kí nìyẹn?", ibẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe.

Ayọ̀délé 77k: Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá, mo ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí yín lẹ́ẹ̀mejì.

Kò Sí Wàhálà: Kí ló dé tó fi máa tọrọ ìṣẹ́jú 5 lọ́wọ́ ẹni tó jí iṣẹ́ ẹ̀ gbé? Kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó wá wo ohun tí wọ́n máa gbé kalẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀!

Akọ̀wé Òkè-Àdó: Ẹ wò ó, kò jí i gbé. Àǹtí fúnra wọn ló gbé e fún un.

Kò Sí Wàhálà: Ẹ wá ń gbèjà olè.

Àdùnní Oníṣirò: Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo ti ń kà á láti àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá, ẹ ṣeun gan-an. Àbúrò mi ti sùn, màá jí i. Àmọ́ tí wọ́n bá wá bi mí ní ìbéèrè tí mi ò mọ̀ níbẹ̀ ńkọ́?

Ìyá Aláṣọ Gbági: Ọmọ mi, o ò tíì dá mi lóhùn láti ẹ̀ẹ̀kan. Léèsì ni àbí àǹkárá? Ṣé gèlè wà nínú ₦38,000 yẹn?

Ọmọ Ìta Ṣómólú: Ìyá, mo ti wá ka gbogbo ẹ̀ báyìí. Ọkùnrin ló ra aṣọ yẹn. Kí ló fẹ́ fi gèlè ṣe?

Ìyá Aláṣọ Gbági: Ọkùnrin? Aṣọ ọkùnrin ni ₦38,000?

Àdùnní Oníṣirò: Àǹkárá ni mà. Pẹ̀lú fìlà.

Ìyá Aláṣọ Gbági: Yéè! Wọ́n rẹ́ ọmọ náà jẹ. Ẹ ní kó wá sí Gbági.