Ẹsẹ̀ Kílọ́ọ̀ṣì

(Yàrá físíò kan ní Ìkòròdú, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ́sásáìsì tọ́jú ara tó ṣèṣe. Bàbá Ràfíù ń wa dánfó láti Ìkòròdú sí Kétu, ọ̀kadà ló gbé e ṣubú ní Ògólóńtó, egungun ojúgun òsì ẹ̀ ṣẹ́, wọ́n di í ní POP, nǹkan funfun líle tí wọ́n fi ń di egungun tó ṣẹ́, wọ́n ti wá tú u báyìí. Ìyá Ràfíù ìyàwó ẹ̀ bá a wá. Sùlè kọ́ńdọ́ ẹ̀ náà bá wọn wá, a ò mọ ẹni tó pè é.)

DÓKÍTÀ: Ẹ káàárọ̀ o, Dádì. Ẹsẹ̀ ńkọ́?

BÀBÁ RÀFÍÙ: Ẹsẹ̀ wà níbẹ̀ o, dókítà, kò tíì lọ síbì kankan, ìyẹn gan-an sì ni wàhálà ẹ̀.

DÓKÍTÀ: Ẹ́sásáìsì tí mo fún yín ńkọ́? Èyí tẹ́ ẹ máa ká táwẹ̀lì sábẹ́ orúnkún, tẹ́ ẹ máa fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ ka ení dé àrún kẹ́ ẹ tó tú u sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹwàá láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́?

BÀBÁ RÀFÍÙ: Háà! Mò ń ṣe é o! Kódà mo máa ń ṣe é lójú oorun.

ÌYÁ RÀFÍÙ: Oorun nìkan lẹ ṣe níbẹ̀. Dókítà, táwẹ̀lì tí mo ká sílẹ̀ fún wọn, bí mo ṣe ká a náà ló wà, ológbò ti bímọ sórí ẹ̀.

DÓKÍTÀ: Ó dáa. Dádì, ẹ ṣe é kí n wò.

(Bàbá Ràfíù dùbúlẹ̀. Ó fún ojú pọ̀, ó fún ẹnu pọ̀, ó di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì, òógùn bò ó. Orúnkún ò mira.)

SÙLÈ: Dókítà, ojú ẹ̀ ló ń ṣe ẹ́sásáìsì yẹn o.

(Dókítà fa téèpù yọ bíi télọ̀, ó wọn itan méjèèjì.)

DÓKÍTÀ: Ọ̀tún, sẹ̀ńtímítà 52. Òsì, 48. Ẹran itan máa ń joro tí ẹsẹ̀ bá pẹ́ nínú POP, ẹ̀bi yín kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í padà wá fúnra ẹ̀ tẹ́ ẹ bá jókòó tì í.

BÀBÁ RÀFÍÙ: Dókítà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Mo sanwó. Ẹ̀yin lẹ kàwé ẹ̀. Mo rò pé mo kàn máa dùbúlẹ̀ ni, ẹ máa wọ́ ọ, ẹ máa fi máṣíìnì kàn án, ẹ máa fà á, màá dìde, ó di Mile 12. Ẹ wá ní kí n lọ máa ṣe é nílé fúnra mi. Èèyàn gbé mọ́tò lọ bá mẹkáníìkì, mẹkáníìkì wá ní kó gbé e lọ sílé kó lọ tún un ṣe, irú èwo nìyẹn?

DÓKÍTÀ: Wákàtí mélòó ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan?

SÙLÈ: 168!

(Gbogbo wọn yíjú sí i.)

SÙLÈ: Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ jàre, ìṣirò ni mo fi ń jẹun.

DÓKÍTÀ: Ọ̀kan péré lẹ ń lò lọ́dọ̀ mi. 167 tó kù, ọwọ́ yín ló wà.

SÙLÈ: Ọ̀gá, ṣéńjì pọ̀ lọ́wọ́ yín o.

BÀBÁ RÀFÍÙ: Ó ń dùn mí ni! Ṣé kéèyàn wá pa ara ẹ̀ ni?

DÓKÍTÀ: Ká ní òdo ni kò dùn rárá, 10 sì ni èyí tó burú jù láyé, èwo ni tiyín?

BÀBÁ RÀFÍÙ: 40.

ÌYÁ RÀFÍÙ: 40! Nígbà tí bọ́ọ̀lù wọlé lálẹ́ àná, ta ló fò sókè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá tẹlifíṣọ̀n ṣubú?

BÀBÁ RÀFÍÙ: ...Mẹ́ta. Ó máa ń di mẹ́rin nígbà míì.

DÓKÍTÀ: Mẹ́ta, mẹ́rin, ẹ máa bá a lọ, tó bá ṣáà ti rọlẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Tó bá ga jùyẹn lọ, tó sì tún wú dàárọ̀, ẹ dín in kù, ẹ má pa á tì, kẹ́ ẹ sì sọ fún mi ká yí i padà. Irọ́ tẹ́ ẹ ń pa fún mi yẹn, ẹsẹ̀ yín lẹ ń pa á fún. Àmọ́ tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá ṣàdédé wú, tó gbóná, tó ń dùn, tàbí tẹ́ ẹ ò rí èémí mí dáadáa, ẹ má dúró dè mí o, ọsibítù lẹ máa gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

ÌYÁ RÀFÍÙ: Wíwú tẹ́ ẹ sọ yẹn, Sùlè ló gbé píọ́ wọ́tà dídì lé wọn lẹ́sẹ̀ lásán, ló bá lọ ra búrẹ́dì, kò padà wá.

SÙLÈ: Ìlà ló wà níbẹ̀.

DÓKÍTÀ: Bọ̀ọ̀dá! Aṣọ lẹ máa kọ́kọ́ fi wé e, ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ gbé e kúrò. Yìnyín náà máa ń jó ara. Dádì, ẹ dìde, ẹ rìn kí n rí i.

(Bàbá Ràfíù fi ọwọ́ òsì mú ọ̀pá, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ bí ọba tó bínú kúrò láàfin.)

DÓKÍTÀ: Ọwọ́ ọ̀tún lẹ máa fi mú ọ̀pá.

BÀBÁ RÀFÍÙ: Ẹsẹ̀ òsì ló ń dùn mí, kí ló wá kan ọwọ́ ọ̀tún?

DÓKÍTÀ: Téèyàn bá ń rìn, ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì ló jọ ń jáde. Ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tó ń dùn á jọ kanlẹ̀, ara ò ní wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó tún ku àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ tó dáa ló máa kọ́kọ́ gòkè. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ nílẹ̀, ọ̀pá àti ẹsẹ̀ òsì ló máa ṣíwájú.

SÙLÈ (ó fò dìde): Òsì ni kẹ́ ẹ fi wálẹ̀ o! Ẹ fòsì wálẹ̀! Dókítà, ohun tí mò ń pariwo fáwọn èrò ní bọ́sítọ́ọ̀pù Agric lójoojúmọ́ nìyẹn! Àṣé físíò ni mo ti ń ṣe láti ọdún yìí, kò sẹ́ni tó sanwó fún mi!

DÓKÍTÀ: Dádì, ẹ dá Sùlè lóhùn tó bá yá. Kí lẹ fẹ́ kí ẹsẹ̀ yìí ṣe fún yín gan-an?

(Bàbá Ràfíù dákẹ́ díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí ò ní purọ́ látàárọ̀ nìyí.)

BÀBÁ RÀFÍÙ: Kílọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì mi ni, dókítà. Ẹ ò mọ gósìló Mile 12, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tú u, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, títí dé Kétu. Ọmọ tí mo gbé mọ́tò fún yẹn ti ń run jíà mi.

DÓKÍTÀ: Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Itan tẹ́ ẹ máa fi tẹ kílọ́ọ̀ṣì náà lẹ fi ń tẹ táwẹ̀lì yẹn mọ́lẹ̀. A máa dán an wò níbí kẹ́ ẹ tó padà sídìí sítíárìn o, ẹ ò ní kàn dédé já sójú títì.

BÀBÁ RÀFÍÙ: Ẹn-ẹ́n! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí! Ẹ gbé táwẹ̀lì wá! Ìyá Ràfíù, máa bá mi kà á.

ÌYÁ RÀFÍÙ: Ó tán. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta... (ó ń kà á lọ) ...mẹ́fà. Méje. Ẹ tètè tú u sílẹ̀, méje. Orúnkún ò kanlẹ̀, méje. Ojú lẹ tún ń fún pọ̀ yẹn, méje.

BÀBÁ RÀFÍÙ: Dókítà, ẹ gbà mí! Ẹ bi obìnrin yìí, tí èèyàn bá ka méje, kí ló kàn?

ÌYÁ RÀFÍÙ: Méje.