Orin tí a kọ́ lọ́mọdé kì í ṣe eré lásán

Ẹni tí ó kọ̀wé pé orin tí àwọn ọmọdé ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì kò ju eré lọ, pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í yé wọn, àti pé ìgbà tí ènìyàn bá dàgbà ni ìjọsìn tòótọ́ ń bẹ̀rẹ̀, kò sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà tán. Mo gbà pé orin nìkan kì í sọ ọmọ di onígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ayọ̀ Báńkọ́lé, gbajúmọ̀ onímọ̀ orin ọmọ Nàìjíríà, tí wọ́n bí ní Jos ní ọdún 1935, tí bàbá rẹ̀ ń tẹ dùùrù nínú ìjọ, tí òun fúnra rẹ̀ sì kọrin lọ́mọdé nínú ẹgbẹ́ akọrin Kàtídírà Ìjọ Kristi ní Èkó, lábẹ́ T.K.E. Phillips, olùdarí orin ibẹ̀. Lẹ́yìn tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ orin ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, kò pa orin ìjọ tì: ó ṣe kàntátà Yorùbá, ìyẹn orin gígùn tí ẹgbẹ́ akọrin ń fi ohùn àti ohun èlò gbé kalẹ̀, lórí ìtàn inú Bíbélì. Ní ti pé ọ̀rọ̀ orin kì í yé ọmọdé, ohun tí ọmọ ti há sórí ni ìṣòro àgbà máa ń là yé e. Àwọn arúgbó kan wà tí wọn kò rántí orúkọ ọmọ wọn mọ́, síbẹ̀ tí wọ́n ń kọ orin ìyìn láti ẹsẹ kìn-ín-ní dé òpin.